Ẹni Tí Kò Ní Àkísà

Ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Brandon, ní Manitoba,
níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń hanrun bí àgbàlagbà tó sùn lọ́sàn-án,
obìnrin mẹ́fà jókòó yí tábìlì ká,
wọ́n ń ṣa àjákù aṣọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Yìnyín ń bọ́.
Fèrèsé kéré, ó ga; bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan la ń rí.
Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó,
yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lára mi, oorun ṣì wà lójú mi.

Irma Wiebe ló pè mí wá.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin; ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
àfi tó bá mú abẹ́rẹ́, ọwọ́ a sì tòrò.
Ó ní, "Àjákù tìrẹ ńkọ́?"
Ẹnu mi wọhò.

Wọ́n máa ń wí nílé wa pé
bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà,
kò lè lákìísà bí àgbà.
Ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn mí rí, àfi lọ́jọ́ náà.
Kóòtù tuntun, bàtà tuntun,
aṣọ ìbora tí rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá.
Ọdún mẹ́ta nílùú òtútù, n kò tíì lo ohun kan gbó.
Ẹni tí kò ní àkísà níbì kan,
ṣé ó tíì débẹ̀ ná?

Tiwọn kún páálí.
Ṣẹ́ẹ̀tì àgbẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti lu,
kọ́tìnnì, píjámà ọmọ tó ti di lọ́yà ní Calgary.
Stefka mọ orírun ẹyọ kọ̀ọ̀kan:
"Eléyìí, òun lọkọ mi wọ̀ lọ́jọ́ tí katakata rì sẹ́rẹ̀."
A kò bi í léèrè ọkọ.

Nísàlẹ̀ páálí la ti bá ti Elfrieda,
onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ìràwọ̀ búlúù láàárín.
Méjìlá ló fẹ́ ṣe. Méje ló parí kó tó sùn.
Ó fi pẹ́ńsù ṣe ìṣirò sẹ́yìn ọ̀kan,
ìṣirò náà ò tọ̀nà.
Lorna ní, "Elfrieda ò mọ ìṣirò láyé ẹ̀!"
A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín,
lójijì ni kálukú ń wá abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìràwọ̀ méje ò lè bo àgbà.
Irma ní kó di ti ọmọdé, ká fi pupa yí i ká.
Èyí tó tóbi, a gé e; èyí tó kéré, a lẹ etí mọ́ ọn.
Ibi tí mo rán wọ́, wọn ò tú u:
ẹni tí òtútù ń mú, ṣé ojú rírán ló ń wò?

Mo ki ọwọ́ bàpò, ọwọ́ yọ jáde nísàlẹ̀.
Mo rántí.
Baba Delorme ló fà á ya lóru Àbámẹ́ta.
Ó di àpò náà mú bí ọmọ tí ìyá ń lọ oko dè,
ó ń pè mí lórúkọ tí kì í ṣe tèmi.
Mo ń jẹ́ ẹ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀.

N kò wí fún ẹnìkan. Mo gba àlùmọ́gàjí,
mo tú àpò náà kúrò, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì.
Irma wò ó, ó wò mí,
ó fà á sáàárín ìràwọ̀ méje.
Ó ní kí n rán an. Mo rán an.
Ní Ọjọ́bọ̀ la ó rán an lọ
fọ́mọ ọdún mẹ́rin kan tílé wọn jóná ní Òpópónà Kẹfà.
N kò morúkọ rẹ̀.

Lójú dígí ilé ìwẹ̀ ni mo ti rí i nílé:
ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀, ó ṣì tutù bí ewé àkọ́rọ̀ òjò,
ìyókù aṣọ ti ṣá.
Ó ti ṣá, tipẹ́tipẹ́,
n kò sì fura.