Ìwé Ìrìbọmi ní Ìsánlú-Ìsin

Mojírayọ̀ kọ̀wé sí mi láti Hámbọ̀gì.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ya igi ìdílé.
Ẹ̀ka ti ìyá rẹ̀, àwọn Jámánì, gùn dé etí ìwé:
ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn ló tọ́jú orúkọ pamọ́,
alágbẹ̀dẹ, olùṣọ́ àgùntàn, opó alágbẹ̀dẹ,
títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibojì wọn mọ́.
Ẹ̀ka tiwa kú sórí "Ìyá Àgbà."
"Màmá, kí lorúkọ Ìyá Àgbà gan-an? Ta ló bí i?"

Ojú tì mí. Mo wọ bàtà.

Láti Gáréèjì Ọ̀fà, ọyẹ́ mú, awakọ̀ ń lá ètè.
A kọjá Àjàṣẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku.
Bàbá Fádèyí ló so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò.
"Ìwé àtijọ́? Ẹjọ́ ilẹ̀ ni, àbí owó ìfẹ̀yìntì?"
"Ọmọ kékeré kan ló béèrè, Bàbá."
"Níbo?"
"Jámánì."
Ó wò mí pẹ́. Ó ní kí n san igba náírà.

Lẹ́yìn àpótí aṣọ àwọn akọrin,
nínú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà,
ìwé ńlá, aláwọ dúdú.
Ikán ti kà á ṣáájú mi.
Ó ka ọdún mẹ́ta tán pátápátá, kò ṣẹ́ ku lẹ́tà kan,
ó fo ojú ewé kan, bóyá kò dùn,
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Nọ́ńbà kẹtàdínláàádọ́ta. Tàdáwà ti pọ́n bí omi obì.
Orúkọ tuntun: Dọ́káàsì.
Orúkọ àtijọ́: Ọ̀jẹ́wùmí.

Mo jókòó sórí àpótí.
Ìyá Àgbà, tó máa ń ti fèrèsé nígbà ọdún eégún,
tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì bò wá létí,
ọmọ ọ̀jẹ́ ni!
Bàbá Fádèyí rẹ́rìn-ín sínú. "Ẹ̀yin ò mọ̀ ni?
Ta ni kì í ṣe ọmọ ọ̀jẹ́ nínú ìwé yẹn?"

Bàbá: Ọ̀jẹ́kúnlé, àgbẹ̀.
Ìyá: Àbẹ̀

Níbẹ̀ ni eyín ikán dé.
Àbẹ̀kẹ́ ni? Àbẹ̀ní? Àbẹ̀bí?
Wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó kẹ́ ẹ,
wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó ní i,
àbí wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó bí i?
Ìwé ní wọ́n bẹ̀. Ohun tí wọ́n bẹ̀ fún ló jẹ.
Mo gbé ojú ewé náà sókè sí fèrèsé:
oòrùn gba ihò náà kọjá, ó bọ́ sí mi láyà.

Mojírayọ̀, kọ "Àbẹ̀" síbẹ̀.
Fi àyè sílẹ̀, má fi rúlà fa ìlà sí i.
Bí olùkọ́ bá bi ọ́, sọ fún un pé
ilé wa náà ní ìwé, pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ yá a.

Mo ti dé ibùdókọ̀ kí n tó wo ìró mi:
èérún ìwé, funfun, bí ìyẹ̀fun gbẹ̀rẹ́fu,
láti orúnkún dé etí aṣọ.
Mo ti gbọn ìdajì rẹ̀ dànù
kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé
ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ "kẹ́",
ọ̀kan lè jẹ́ "ní".