Igi Ìdáná Ìyá Mi

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ
ní oko kajú tí Oyèlàmí bàbá mi gbìn kó tó kú,
lápá òsì, bí o bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlujù:
kà. Gbì.
Ẹ̀ka kan já. Kò sí ìjì. Kò sí ọmọ lórí igi.

Mo gbé e, mo wo ojú ibi tó ti kán.
Ó ń dán bí ibi tí káfíńtà fa ayùn sí,
yípo yípo,
ó wá ku bíńtín láàárín, bí ìka ọmọdé,
tí ìwúwo ewé bá a parí.

Gbádégẹṣin la kọ́kọ́ fura sí.
Ọ̀rọ̀ ààlà wà láàárín wa,
ìkíni rẹ̀ sì ti tutù láti ọjọ́ òkú.
Mo mú àdá, mo sùn sóko ní òru méjì.
Ní òru kejì mo tan tọ́ọ̀ṣì sókè:
aláyùn náà kò ju àtàǹpàkò mi lọ,
dúdú, ó sán àmùrè aláwọ̀ ọsàn,
ìwo rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀.
Ó ń jẹ igi lọ bí ẹni ń họ ìrèké.
Kò tilẹ̀ wò mí.

Ìyá mi kò ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ka.
Opó kì í fi igi gbígbẹ ṣòfò.
Ó ń ṣà wọ́n, ó ń dì wọ́n ní ìdì-ìdì,
ó ń tò wọ́n sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi páànù bò wọ́n.
“Èyí tí kòkòrò jẹ kù, iná á bá wa jẹ ẹ́.”
Ìdì mẹ́sàn-án ló ra ìwé Fọlárìn.

Lọ́dún kejì, ẹ̀ka méjìlélógójì. Mo kà á.
Lọ́dún kẹta n kò kà mọ́.
Mo ra oògùn ní Tákíé, mo fín in
títí ọ̀fun mi fi ń ta mí.
Oyin kú.
Òjé igi ń ro tótó bí omijé àgbà,
ayùn ń ṣiṣẹ́ lọ lókè.

Nígbà tí Tinúadé ti iléeṣẹ́ àgbẹ̀ dé,
pẹ̀lú bàtà òjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn,
kò gbójú sókè rárá.
Ó ní, “Èyí tó já dà?”
Ìyá mi fi tayọ̀tayọ̀ mú un dé ẹ̀yìn ilé ìdáná.
Ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kan.
Ìdin funfun kan ká kò sínú igi
bí ọmọ tí oorun gbé lọ.
Ó la òmíràn.
“Kì í ṣe ebi nìkan ló ń gé e, Màmá.
Ibùsùn ọmọ ló ń tẹ́.
Igi tútù á fi oje pa ẹyin rẹ̀;
igi tó ń kú ló lè bá a tọ́ ọ.”

Wọ́n ní ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ ń gbé.
Tiwa ń gbé abẹ́ páànù.
Àwa la bo òjò fún un.
Àwa la fi orí rù ú wálé.

Ìyá mi jókòó lórí ìdì kan, kò sọ̀rọ̀.
Nígbà tó yá ó dìde, ó ní kí n mú ìṣáná wá.
Obìnrin tó máa ń fa igi kúrò nínú iná
bí ọbẹ̀ bá ti hó,
ó sun igi ọdún mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ kan,
kò sì gbé ìkòkò kankan ka iná náà.
Nǹkan ń ta pàrà nínú rẹ̀ bí ẹ̀pà.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ojú ààlà kọjá.
“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.”
N kò sọ pé mo ti fi àdá ṣọ́ wọn rí.
Ìṣáná wà lápò mi,
mo ń yọjú wo ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn.

Ọyẹ́ ọdún yìí, ẹ̀ka mọ́kànlá.
Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.