Ó Kọ̀ ní Sámárù

Ọyẹ́ ti fi eruku kun ojú fèrèsé ní Sámárù.
Mo nu ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹta, ètè mi là, mo jókòó.
Mo ní kí n kọ́ èdè kọ̀ǹpútà kan,
kì í ṣe bí ọmọ iléèwé ti ń kọ́ èdè,
bí bíríkìlà ti ń kọ́ ilé ni, láti ìpìlẹ̀,
èdè tí ẹnikẹ́ni kò tà, tí ẹnikẹ́ni kò rà,
tí ẹni tó bá wù lè ṣí ìdérí rẹ̀ wo inú.
Ogójì ìṣẹ́jú,
ìlà ń gun ìlà bí èèrà tó rí ṣúgà.
Ó ku díẹ̀.
Lẹ́tà pupa yọ.
Mo kọ ọ́, mo kọ́ ọ, ó kọ̀.
Nẹ́pà mú iná lọ kí n tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Ta ni kí n bú? Mo tan fóònù,
mo kọ ìwé ẹ̀sùn. Kì í ṣe ẹ̀sùn, ìròyìn ni:
irú ẹ̀rọ tí mo ní, bí agbára rẹ̀ ti kéré tó,
aago tí ó ṣubú, ìlà tí ó ṣubú sí,
ohun tí mo ṣe kí ó tó ṣubú.
Ẹni tó bá sọ fún oníṣègùn pé "ara ń dùn mí" nìkan,
àgbo wo ni yóò fún un?

Ìndrẹ̀k tó ń tọ́jú èdè náà wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́.
Ó dáhùn lówùúrọ̀: "Lọ́dọ̀ tèmi, ó dúró dáadáa."
Lọ́dọ̀ tirẹ̀ kẹ̀!
Lọ́dọ̀ tèmi, dátà máa ń já lágbedeméjì,
fáìlì a dé ní ìlàjì, bí ẹja tí ológbò ti jẹ orí rẹ̀,
ẹ̀rọ a gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò,
lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú a ní nǹkan mìíràn lòun ò rí.
Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, orí ló dì mú.
Mo kọ ìyẹn náà ránṣẹ́.

Ọjọ́ kejì ni Ràkíyà dé, ọmọ Tànímù aránṣọ.
Ó ti to aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ sínú èdè náà:
ṣáddà, yàdì, àtàm̀pà.
Ó béèrè àkọ́kọ́, yàdì ló fún un.
Ó béèrè títí. Yàdì.
Ìwé ìtọ́nisọ́nà ló ń tẹ̀lé, ojú ewé kejìlá,
ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á.
"Ẹ̀gbọ́n, orí mi ò gba nǹkan yìí.
Mo fẹ́ padà sídìí máṣíìnì."

Mo ka ojú ewé náà. Mo tún un kà.
Ìwé ní oókan ni òǹkà ti ń bẹ̀rẹ̀.
Irọ́ ni. Òdo ni èdè yìí ti ń kà,
ọdún méjì ni wọ́n ti yí i padà, kò sẹ́ni tó sọ fún ìwé.
Ràkíyà, ìwé ló ṣìnà. Orí rẹ pé.
Mélòó ló ti ka ibí yìí ní Fúntúà, ní Gúsáù,
tí wọ́n pa kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n pe ara wọn ní òmùgọ̀?

Nọ́ńbà kan péré ni mo ní kí wọ́n yí.
Ẹnìkan ní ó kéré jù láti fi dá èèyàn lágara.
Òkúta inú ìrẹsì ńkọ́,
ṣé ó tó ẹyin adìyẹ kó tó ká eyín?
Ìndrẹ̀k gbà á lọ́jọ́ kẹjọ.
Mo ní orúkọ Ràkíyà ni kí wọ́n kọ sí i:
òun ló kọsẹ̀ níbẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Tànímù yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu,
ó wo orúkọ ọmọ rẹ̀ láàárín orúkọ àwọn ará òkèèrè,
ó béèrè iye tí wọn yóò san.
Òdo, ni Ràkíyà wí. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iná dé lálẹ́ yìí. Mo tún ń kọ́ ọ.
Ó kọjá ibi tó ṣubú sí lọ́jọ́sí,
ó kọ̀ níwájú.
Mo bu omi mu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.