Márùndínlógójì

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán,
mo fi apá ẹ̀wù mi nu pátákó,
torí àkísà tí a fi ń nù ún ti sọnù láti oṣù tó kọjá.
Mo kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sí àárín:
35.
Mo ní, “Ìdáhùn nìyí.
Kí ni ìbéèrè rẹ̀?”

Kíláàsì pa rọ́rọ́.
Ewúrẹ́ kan yọjú lójú fèrèsé, ó tún bá tirẹ̀ lọ.
Àwọn ọmọ Kétu wọ̀nyí mọ ìṣirò bí ẹni mọ ọ̀nà odò:
a bi wọ́n, wọ́n dáhùn,
a ní ó tọ́ tàbí kò tọ́, ó parí.
Ta ló ti rí ìdáhùn tó kọ́kọ́ wọlé jókòó
bí àlejò tí kò tíì sọ ẹni tó ń wá?

Bẹnúà ló kọ́kọ́ nawọ́:
“Ìgò epo lórí tábìlì ìyá mi, ìlà márùn-ún,
méje méje ní ìlà kọ̀ọ̀kan.”
Ìgè ní, “Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí bàbá mi ti Kútọnu dé.
Ẹ ka ọjọ́ rẹ̀.”
Sàká ní ọgọ́rùn-ún àgbàdo ni,
àparò jẹ márùndínláàádọ́rin.
Ẹ̀rín bú. Àparò wo ló yó tó bẹ́ẹ̀?
Síbẹ̀ mo kọ ọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀,
ẹfun ń kúrú lọ ní ìka mi.
“Mùsíyè, èwo ló wá tọ́ jù?”
Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àìná tó ń jókòó lẹ́bàá ògiri,
tí kì í nawọ́,
kò nawọ́ náà:
“Nọ́ńbà yẹn ti béèrè fúnra rẹ̀.
Márùn-ún ló dín ní ogójì.
Ta ló mú márùn-ún?”

Láti ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ti ń ka nọ́ńbà yìí,
n kò gbọ́ ihò inú rẹ̀ rí.
Ní Faransé, ọgbọ̀n ni, a fi márùn-ún lé e,
kò sẹ́ni tó dín.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ fún alábẹ̀wò lóṣù tó kọjá,
ó fọwọ́ sí i, ó gun ọkọ̀ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ogójì ni wá nígbà tí ilé-ìwé wọlé.
Ọ̀kan ti sọdá sí Ìmẹ̀kọ,
ọ̀kan wà lóko òwú,
ọ̀kan ń gbé ọmọ pọ̀n fún àbúrò ìyá rẹ̀.
Méjì tó kù, n kò mọ̀.
N kò tilẹ̀ béèrè.

Mo ní kí kálukú kọ ìbéèrè tirẹ̀ sínú ìwé.
Nígbà tí agogo lù, mo kó wọn jọ.
Àìná kò kọ ìṣirò kankan.
Orúkọ márùn-ún ló kọ,
ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan, bí ẹni fẹ́ ro wọ́n pọ̀,
ó fa ìlà sí ìsàlẹ̀.

Mo di bíírò pupa mú títí ilẹ̀ fi ṣú.