Ara Kì Í Ṣe Pákó

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní Gwagwalada.
Ohun tó bá rí gbágungbàgun, mo mọ ohun tí mo ń fún un:
sánpépà tó le lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná,
títí àtẹ́lẹwọ́ á fi máa yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí igi.

Nígbà tí ìgbúnwọ́ Móradéyọ̀ kọ́kọ́ yi,
tó pọ́n nísàlẹ̀, tó funfun lókè bí ìpẹ́ ẹpìyà,
ọmọ ọdún méje ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú.
Mo ní ọyẹ́ ni.
Mo gbé omi kaná, mo mú kànìnkànìn,
mo sì fi ọwọ́ káfíńtà ha ọmọ mi.
Ó ké. Mò ń ha á lọ. Ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́ bí ìrì.
Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibi tí mo ha ti di méjì.

Ìyá Ene tó ń ta ẹ̀wà lójúde wa ní làpálàpá ni,
kí n fi omi bátìrì kùn ún.
Àbúrò mi pè láti Ọ̀fà: ṣé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀?
Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lé ejò jáde nínú yàrá ọmọ.
Iléèwé gbé e lọ sórí àga ẹ̀yìn, òun nìkan,
àga tí èmi fúnra mi kàn fún wọn lọ́dún tó kọjá.

Dókítà Rahinatu kò wọ ìbọ̀wọ́.
Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rí.
Ọwọ́ lásán ló fi di ìgbúnwọ́ ọmọ mú,
ó wo ẹ̀yìn etí, ó wo ìdodo, ó ń ya irun orí wò.
Ó ní sòríásìsì. Mo ní kó tún un pè.
Ó ní kò ràn, kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe èpè;
àwọn ọmọ-ogun inú ara ló ṣi ọ̀tá mú,
ni awọ bá ń kánjú hù, tuntun ń gun orí ògbólógbòó
kí ògbólógbòó tó ráyè bọ́ sílẹ̀.
"Ta ló ń ha á?" ló bi wá.
Mo wo bàtà mi.

Báyìí, lálaalẹ́, a níṣẹ́.
Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Táwẹ̀lì, kí n fi tẹ̀ ẹ́, n ò gbọdọ̀ nù ún.
Ìpara dókítà, ìwọ̀nba orí ìka kan,
ibi tó pọ́n nìkan, iye ọjọ́ tó kọ nìkan.
Lẹ́yìn náà òrí, òrí púpọ̀, títí ó fi ń dán bí ọmọ tuntun.
Ṣáḿpù ọlọ́dà fún orí. Ó ń rùn bíi títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí;
Móradéyọ̀ ní òun ti di ọ̀nà Abuja,
kí tírélà má gba orí òun kọjá o.
Ọwọ́ mi yìí, tó yi, tí èékánná rẹ̀ kan ti kú,
ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan nǹkan láìfẹ́ yí i padà.

Mo mú ìwé dókítà lọ síléèwé. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Àga padà síwájú. Ṣàmsú ló kọ́kọ́ jókòó tì í,
ó ní ṣé ó ń dùn ún ni? Ó ní rárá, ó ń yún òun ni.
Wọ́n bá jọ jẹ ẹ̀pà.

Òjò dé. Ìgbúnwọ́ kan mọ́, ó ku àwọ̀ tó ṣí díẹ̀
bí ibi tí wọ́n ti sọ fọ́tò kalẹ̀ lára ògiri.
Èkejì ṣì wà. Orúnkún ṣì wà.
Dókítà ti wí pé ó lè lọ, ó lè bọ̀, òun ò ní purọ́ fún mi.

Lánàá ó wá sí ìsọ̀ mi,
ó ń fọwọ́ pa tábìlì tí mò ń dán.
"Bàbá, ṣé èmi náà á dán báyìí?"
Mo gbé sánpépà sílẹ̀. Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ọyẹ́ ku oṣù márùn-ún.
Mo ní kó wo abẹ́ tábìlì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dán,
kó sọ ohun tó rí fún mi.
Ó rá wọ abẹ́ ibẹ̀. Ó pẹ́.
"Igi ni," ló wí. "Igi yẹn náà ni."