Dúrọ́ọ̀ Kẹtàdínlógún

"Nu eruku ara wọn. Má mì wọ́n,"
ni ọ̀gá wí, ó bọ́ síta lọ gbé fóònù.
Mo fa dúrọ́ọ̀ kẹtàdínlógún,
ó lọ́ra bí ọ̀rọ̀ lẹ́nu onígbèsè.
Agbárí ẹyẹ ajẹhóró ló kún inú rẹ̀,
wọ́n sùn lórí òwú,
ọ̀pọ̀ wọn kò ju èkùrọ́ kan lọ.

Àdàbà rèé, àgógó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́,
ẹni tí ń ṣa ilẹ̀ jẹ láìbá hóró jà.
Odídẹrẹ́ dá wà ní kọ̀rọ̀,
ìkọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì ń halẹ̀ mọ́ ẹyìn.
Ihò ojú gbogbo wọn fẹ̀ ju ilé ọpọlọ lọ:
ẹni tí yóò jẹun lóko olóko,
ojú ni yóò fi ṣáájú ọgbọ́n.

Ẹ̀ga ló pọ̀ jù. Mọ́kànlélógójì,
aláriwo ọjọ́sí,
kò sí èyí tó pe èkejì níjà.
Bébà kékeré wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan,
àbí kí n ní ibi tí ọrùn ì bá wà.
Mo ń kà á lọ: Mọ̀dákẹ́kẹ́, Ìpetumodù, Ìfẹ́wàrà,
títí mo fi kan èyí:
*Ìbòdì. Oko ìrẹsì. Oṣù Ọ̀wàrà.*

Ẹ jẹ́ n jókòó ná.

Oko ìrẹsì kan ṣoṣo ló wà ní Ìbòdì nígbà náà,
ti ìyá mi, Fádérera.
Kí ilẹ̀ tó mọ́ mo ti wà lórí kùkùté
pẹ̀lú agolo mílíìkì àti kànnàkànnà,
mo ń pariwo títí ohùn mi fi há.
Ọkùnrin kan wá láti Yunifásítì, ó wọ ṣòkòtò péńpé,
ó ní sísì ni ẹ̀ga kan
bí n kò bá ti fọ́ orí rẹ̀.
Ọdún yẹn ni mo ra bàtà àkọ́kọ́.

Wọ́n ní ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò.
Èyí gbé ìrẹsì ìyá mi,
kò gbé e kọjá dúrọ́ọ̀.
Ihò kan wà lẹ́yìn ojú òsì rẹ̀,
ó tó kí òkúta wẹ́rẹ́ gbà á wọlé.
"Èyí ti bàjẹ́," ni ọkùnrin náà wí,
ó fún mi ní tọ́rọ́.

Oko náà ti di ilé epo. Ìyá mi ti lọ.
Àwọn tí ń ra epo níbẹ̀ kò mọ̀ pé ìrẹsì hù rí,
bébà yìí nìkan ló ń jẹ́rìí,
taǹdáwà rẹ̀ sì ti ń ṣá.

Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, fẹ́ẹ́rẹ́.
Eruku gba ojú ọ̀tún jáde.

Ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà:
"O ò tíì ṣe tán?"
Mo ní, ó ku ẹyọ kan.