Ìbéèrè Kejìlá

Lẹ́yìn aago méjì, bí agogo ilé-ìwé bá ti lù,
wọ́n á dé, mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn mọ́kànlá,
sí yàrá tí a ń kó àga fífọ́ sí tẹ́lẹ̀ ní Yemẹ̀tu.
Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń húkọ́ bí arúgbó.
Èmi ni mo ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ Yunifásítì.
Akọ̀wé owó ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì:
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka owó olówó.

Ìbéèrè kìn-ín-ní kò le:
Kí ni orúkọ rẹ?
Àbí bẹ́ẹ̀ la rò.
Sádíátù ni nínú ìwé ìdánwò,
Sàádátù nínú ìwé ìbí.
A gun ọ̀kadà lọ sí kóòtù Ìyágànkú
lọ búra pé ọmọ kan náà ni wọ́n,
pé kò sí èkejì rẹ̀ níbì kankan.
"Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni ọmọ náà wí.

Ìkejìlá ló dá wa dúró.
Èló ló ń wọlé fún òbí rẹ lọ́dún?

Bàbá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀,
Ràímì, fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ afárá Mọ́kọ́lá.
Ó ti fọwọ́, òórùn rọ́bà kò lọ.
Agbádá tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ yìí ló wọ̀.
"Lọ́dún kẹ̀? Màmá, táyà kì í jò lọ́dún.
Òní, mẹ́rin jò. Àná, ẹyọ kan,
ẹni náà sì ní òun ń bọ̀ wá san án."

A ṣírò ẹ̀ẹ̀rùn, a ṣírò òjò,
a yọ oṣù tí ẹ̀yìn ń dùn ún,
a yọ owó epo ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà.
Mo fi àròpọ̀ hàn án.
Ó wò ó pẹ́.
"Ṣé ẹ lè fi òdo kan kún un?"

Mo ti rí ẹni tó ní kí n yọ òdo kúrò,
ọkùnrin Bódìjà kan tó pa mọ́tò mọ́ sí ìkòríta
tó wá ní aláìní lòun.
N kò rí ẹni tó ní kí n fi kún un rí.
Mo ní, "Kíkéré tó kéré yìí ni wọn yóò torí ẹ̀ fún un."
Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò kà á."

Ó ti kà á. Ẹ̀yìn wa ló dúró sí.
Ó nawọ́ kọjá èjìká bàbá rẹ̀,
ó tẹ iye náà, láìfi kún, láìyọ,
ó sì kọ sí àyè àlàyé, tí ẹnikẹ́ni kò bi í:
*Nínú owó yìí ló ti ra gbogbo ìwé mi.*

Ni iná bá lọ.
Òru ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò ti ìlẹ̀kùn fọ́ọ̀mù.
Ràímì bọ́ agbádá, ó jùn ún sórí àga,
ó sáré lọ yá jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń fi iná sí fóònù lójú títì.
Ẹ̀ẹ̀kan ló fa okùn.

Oṣù mẹ́ta nìyí. Wọ́n ní ká máa retí.
Bí mo bá gba Mọ́kọ́lá kọjá, ojú ló fi ń bi mí,
orí ni mo fi ń dá a lóhùn.
Lánàá ó fẹ́ táyà mi méjèèjì, kò gba kọ́bọ̀.
"Ẹ má kọ èyí sílẹ̀ o," ló wí.